Fẹ́kọ́mi Ti Mọ̀wé Kà

Ní agogo méje òwúrọ̀ Sátidé, táàbù mẹ́rìnlélógún ló tò sórí bẹ́ẹ̀dì Cecilia, níbi tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ ṣì sùn sí. Stephen ti dìde fún wọn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di kọ́ọ̀bù tíì mú, ó ń wo àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò sọ ìgbà tó máa lọ.

Wọ́n lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn táàbù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ kan sí i. Ọmọ kíláàsì Cecilia ni gbogbo wọn, Pírámárì Fọ́ọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ìgàndó. Àjọ kan láti òkè òkun ló kó táàbù náà wá. Wọ́n pe ètò wọn ní Ìmọ̀-Délé, wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ tálákà náà máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì kàwé bíi ti ọmọ olówó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín bisikíìtì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kó gbogbo táàbù sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó ní tísà tó bá jẹ́ kí ọmọ fọ́ ọ̀kan ni yóò rà á padà. Iná ò sì sí ní ilé ẹ̀kọ́ náà láti ìgbà tí tiransífọ́mà àdúgbò ti jó. Nẹ́tíwọọ̀kì náà ò sí, àfi téèyàn bá lọ dúró lẹ́yìn ṣáláńgá.

Síbẹ̀, àwọn tó ni táàbù jókòó sí òkè òkun, wọ́n ń ka iye ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá ṣe parí lórí ẹ̀rọ, íńtánẹ́ẹ̀tì á gbé e lọ bá wọn. Ogún ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan parí kí táàmù tó tán, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí sì ni òpin. Kíláàsì tí kò bá pé, wọ́n á kó táàbù rẹ̀ lọ, wọ́n á fi orúkọ tísà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba. Cecilia mọ ohun tí wọ́n ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ń kọ́ni ní Ìdímù tẹ́lẹ̀ ti di tísà Ẹ̀pẹ́ báyìí, kí ojúmọ́ tó mọ́ ló ti ń wọkọ̀.

Nítorí náà, ohun tí àwọn tísà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọ̀gá àgbà bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń kó táàbù lọ sílé, wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀ ara wọn ṣáàjì wọn, àwọn ará ilé wọn á sì bá àwọn ọmọ ṣe ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní èrú. Títẹ̀ ni wọ́n ń pè é. "Ṣé o ti tẹ tìẹ?" ni wọ́n fi ń kí ara wọn nínú sítáfùrúùmù.

"Mélòó ló kù?" Stephen béèrè.

"Mọ́kànlá ti pé. Mẹ́tàlá ló kù."

"Ìyá Ṣọlá, mo ní mítìn àwọn ará ìlú wa ní Dopemu o."

"Ẹ pè wọ́n pé ara yín ò yá."

"Ara mi yá."

"Tí wọ́n bá gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ó wá mọ bí ara ṣe ń yá. Ẹ̀yin náà lẹ máa máa se oúnjẹ alẹ́."

Stephen mu tíì rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti wọ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀. Màmá náà ti ṣe tísà rí, ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ni ní Ìdó-Èkìtì kó tó fẹ̀yìn tì. Ìtọ́jú ojú ló bá wá sí Èkó. Wọ́n ti fún un ní awò tuntun, ó ti di ẹrù rẹ̀, òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni yóò padà sílé. Ó rí i bí Cecilia àti Adéṣọlá, ọmọbìnrin wọn tó ń dúró de yunifásítì, ṣe ń kó táàbù bọ̀ wá sórí tábìlì, tí wọ́n ń fa wáyà ká gbogbo ilẹ̀.

"Cecilia, ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wọn ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Àwọn tó ni orúkọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé wọn, Mà."

"Wọn ò lọ́wọ́ ni?"

Cecilia rẹ́rìn-ín, torí pé ìyá ọkọ ló béèrè. Màmá kò bá a rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí Susanna fi kan ilẹ̀kùn. Yàrá kejì sí tiwọn ló ń gbé, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń rán. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fa ọmọ rẹ̀, Fẹ́kọ́mi, lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fẹ́kọ́mi, kíláàsì Cecilia ló wà. Ọmọ tó ń kí gbogbo ará ilé láàárọ̀ ni, ó mọ orin, ó mọ iṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé kà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè kà, torí pé ó ti há a sórí. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ojú rẹ̀ á kúrò lára ìwé, á lọ máa wo ẹnu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ìdáhùn máa jáde níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tísà tí wọ́n ní àwọn máa rán wá yẹn ńkọ́?" Susanna béèrè. "Èyí tó máa máa kọ́ wọn níwèé kíkà."

Òun ni ìlérí kejì tí Ìmọ̀-Délé ṣe. Ọmọ mẹ́wàá tó bá kẹ́yìn jù ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rán tísà kan sí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọdún kan gbáko, tí yóò jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi mọ̀wé kà. Nínú gbogbo ohun tí ètò náà gbé wá, òun nìkan ló ní ẹsẹ̀ méjì. Láti oṣù méjì ni Susanna ti ń fi í gbàdúrà.

"Ẹ̀rọ náà ló máa mú wọn," Cecilia dáhùn. "Àwọn tí máàkì wọn bá kéré jù ló máa mú. Ìrọ̀lẹ́ òní lorúkọ máa jáde. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, Ìyá Fẹ́kọ́mi. Bó jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n máa mú, Fẹ́kọ́mi ni."

Susanna kò bínú sí i. "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n mú un o."

"Àmín."

Susanna ní òun ń lọ sí Ìyànà Ìpájà lọ ra òwú àti bọ́tìnì, òun á sì gba ibẹ̀ lọ wọn àwọn ọmọ kan fún yúnífọ́ọ̀mù, ìrọ̀lẹ́ ni òun máa dé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí ọmọ jókòó tì wọ́n títí òun yóò fi dé. Fẹ́kọ́mi lọ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá.

Cecilia pín táàbù bí ẹni ń pín bébà ìdánwò. "Ẹ ṣáà máa tẹ̀. Ẹ má ro nǹkan kan. Èyí tọ́wọ́ yín bá ti bà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Iye ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kíláàsì pé, kì í ṣe máàkì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kan á jáde, ọ̀rọ̀ mẹ́rin á wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni orúkọ ohun tó wà nínú àwòrán. Adéṣọlá tẹ́ táàbù méjì sórí itan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ wọ́n, ojú rẹ̀ sì wà lára fóònù tó gbé ti ìgò omi. Stephen kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì. Ewúrẹ́ dé, ó tẹ apá òsì. Òṣùpá dé, ó tẹ apá òsì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ pé ó kùnà, ó máa ń dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà kùnà."

Màmá kò tẹ nǹkan kan fún odidi wákàtí kan. Ó ń wò wọ́n. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá, tí iṣẹ́ ò sì jọ pé ó fẹ́ tán, ó na ọwọ́. "Ẹ mú ọ̀kan wá."

Èyí tí Cecilia kọ́kọ́ nà sí i, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ka orúkọ, ó dá a padà. "Mi ò mọ ìyẹn. Ẹ fún mi ní ti ọmọ tó jókòó síbí yìí."

Wọ́n wá a fún un. Fẹ́kọ́mi rí bébà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ là. "Orúkọ mi nìyí!"

"Òun ni. Tìẹ ni. Wá síbí."

Màmá gbé e sáàárín àwọn méjèèjì. Àwòrán ìkòkò jáde. Màmá ní kí ọmọ náà wo lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má wo ojú òun. Fẹ́kọ́mi wo ojú rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ padà sí táàbù. Wọ́n wà lórí ìkòkò fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọmọ náà sì wá fi ìka kan ọ̀rọ̀ tó tọ́. Ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́, ìràwọ̀ kan jáde. Fẹ́kọ́mi fò sókè.

"Màmá!" Cecilia gbójú sókè. "Ìkòkò lẹ ṣì wà látàárọ̀?"

"Ó ti gbà á. Òun ló tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ má bínú, Mà, a ò ráyè. Tó bá jẹ́ báyìí la máa ṣe é, Mọ́ńdè ló máa bá wa níbí. Fẹ́kọ́mi, má fọwọ́ kàn án mọ́. Jókòó jẹ́ẹ́, kí Màmá bá ẹ ṣe é."

Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sáàárín ẹsẹ̀.

Màmá wá ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wọ awò tuntun, ó ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó ń yan èyí tó tọ́, ẹ̀rọ ń pàtẹ́wọ́. Adéṣọlá gbọ́ àtẹ́wọ́ náà títí, ó ní, "Màmá, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gbà á."

"Kí n mọ ìdáhùn, kí n wá tẹ èyí tí kì í ṣe òun? Lọ́jọ́ ogbó mi?"

"Wọn ò ka máàkì, Mà."

"Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbí. Mi ò ní kọ òdo sí i lára."

Adéṣọlá rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí fóònù rẹ̀. Ìràwọ̀ ń pọ̀ sí i lórí táàbù Fẹ́kọ́mi. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá pàtẹ́wọ́, ọmọ náà á bá a pàtẹ́wọ́ láti ibi tó jókòó sí.

Ọ̀sán pọ́n. Esther, ìyàwó láńdílọ́ọ̀dù, yọjú lójú fèrèsé. "Ìyá Ṣọlá, ṣé ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà ni? Jẹnẹrétọ̀ yín ò jẹ́ ká gbádùn látàárọ̀."

"Ẹ má bínú, Mà. Iṣẹ́ ilé ìwé ni."

Esther wo gbogbo ẹ̀rọ tó ń tàn lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Táàbù àwọn òyìnbó yẹn ṣá nìyí? Àwọn ọmọ wa á gbọ́n o. Nígbà tiwa, kí la rí?" Ó dúró wòran díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Àǹtí," Fẹ́kọ́mi pè.

"Mo ní kí o jókòó jẹ́ẹ́."

"Àǹtí, ó ń—"

"Fẹ́kọ́mi!"

Ọmọ náà pa ẹnu dé. Ẹ̀wà tó wà lórí iná ló fẹ́ sọ. Nígbà tí òórùn rẹ̀ fi máa dé imú àwọn yòókù, ìdajì ìkòkò ti jóná. Cecilia sáré wọ kíṣìnì, ó ń kígbe pé ṣé kò sẹ́ni tó ní imú nínú ilé yìí ni. Wọ́n bu èyí tí kò jóná lókè, wọ́n fi gàrí sí i kó lè kárí. Stephen gbé ṣíbí sẹ́nu, ó gbé e sílẹ̀.

"Ta là ń tàn gan-an, Ìyá Ṣọlá? Mo fẹ́ mọ̀ ni o. Mo pa mítìn jẹ, mo ń jẹ èéfín, ta là ń tàn?"

"Ẹ bi àwọn tó gbé táàbù wá síbi tí kò síná!" Ohùn Cecilia lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ bá mi bi wọ́n. Ṣé wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó gbé e wá? Ọmọ mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo ní ní kíláàsì, wọ́n fún mi ní táàbù mẹ́rìnlélógún. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ̀wé, èmi ni mo ń rà á. Mo sọ fún wọn pé ká rí iná ná, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí n kọ ọ́ síbo? Lẹ́yìn ṣáláńgá?"

Stephen jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó mú táàbù mìíràn.

Agogo mẹ́rin kọjá kí Màmá tó parí ogún ẹ̀kọ́ Fẹ́kọ́mi. Ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó ní ojú ń ta òun, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Kò ṣi ẹyọ kan. Ó fi àwọn ìràwọ̀ náà han ọmọ náà, ó ní, "Wo bó o ṣe mọ̀wé tó." Fẹ́kọ́mi kà wọ́n títí tí kò fi mọ iye tó kàn mọ́.

Àwọn yòókù parí tiwọn ní agogo márùn-ún. Ó wá ku nẹ́tíwọọ̀kì. Táàbù mẹ́sàn-án kọ̀ tí wọn ò lọ. Stephen kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ ìfọṣọ, ó gun orí ibi tí wọ́n gbé táǹkì omi láńdílọ́ọ̀dù sí, ó ń nà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, Cecilia sì dúró nísàlẹ̀, ó ń wo aago. Èyí tó kẹ́yìn lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí agogo mẹ́fà lù. Adéṣọlá hó yèè. Stephen sọ̀ kalẹ̀, ìpẹtà dúró lára ṣòkòtò rẹ̀, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Agogo mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù nígbà tí fóònù Cecilia dún. Olúgbénga ni, alábòójútó Ìmọ̀-Délé ní agbègbè wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń yá gágá. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o! Kíláàsì yín pé pérépéré. Mo ti fi orúkọ àwọn ọmọ mẹ́wàá tó máa rí tísà gbà ránṣẹ́ sí yín, àti ìwé ẹ̀rí ọmọ tó ṣe ipò kìíní. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Kò ṣi ọ̀kan!"

Cecilia ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Orúkọ tó wà lókè pátápátá nínú àwọn tí kò mọ̀wé kà ni Testimony, mónítọ̀ kíláàsì rẹ̀, tó ń ka Bíbélì fún odidi ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Stephen ló tẹ tirẹ̀. Godswill, tí òun náà mọ̀wé kà dáadáa, tẹ̀ lé e. Ó ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó padà sókè, ó tún un kà. Kó tó débi ìwé ẹ̀rí ló ti mọ orúkọ tí òun máa bá níbẹ̀.

Ó pe Olúgbénga padà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ kan wà tó yẹ kó wà lára àwọn mẹ́wàá yẹn. Ìwé kíkà ni ìṣòro rẹ̀."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Fẹ́kọ́mi."

"Fẹ́kọ́mi? Tó ṣe ipò kìíní?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀rọ ló mú wọn, èmi ò lágbára lórí ẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ kọ̀wé pé kì í ṣe ọmọ náà ló ṣe é fúnra rẹ̀. Àbí kì í ṣe òun ló ṣe é ni?"

Jẹnẹrétọ̀ ti kú. Ohùn Olúgbénga ń jáde ketekete nínú fóònù. Stephen ń wo ìpẹtà ara ṣòkòtò rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé táàbù tó wà lórí itan rẹ̀. Cecilia wo ọkọ rẹ̀, ó wo Màmá, kò wo orí kápẹ́ẹ̀tì tí Fẹ́kọ́mi jókòó sí.

"Òun ni," ló sọ.

Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí Susanna wọlé, ó gbé láílọ́ọ̀nù òwú dání, òógùn bo ojú rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Àǹtí, ṣé orúkọ ti jáde?"

"Ó ti jáde."

"Ṣé Fẹ́kọ́mi wà níbẹ̀?"

Cecilia ń ká wáyà. Adéṣọlá ló dáhùn, ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. "Wọn ò mú un mọ́ àwọn tí kò mọ̀wé kà, Mà. Òun ló ṣe ipò kìíní!"

"Ipò kìíní kí ni?"

"Ìwé kíkà, Mà. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí."

Susanna wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Láílọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnì fọ́n káàkiri ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Cecilia kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. "Àǹtí, ẹ ṣé. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Táàbù yẹn kọ́ ọ báyìí, mi ò mọ̀?"

"Ẹ dìde, Ìyá Fẹ́kọ́mi."

"Ọ̀la ni mo máa lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ẹgbẹ́dá. Mo máa gbé e kọ́ sára ògiri." Omi wà lójú rẹ̀. Ó gba fóònù Cecilia, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Fẹ́kọ́mi, gbà. Kà á fún mi."

Fẹ́kọ́mi gba fóònù. Ìwé ẹ̀rí náà dára, wọ́n fi ìràwọ̀ yí i ká. Ó rí orúkọ rẹ̀ láàárín, ó rẹ́rìn-ín.

"Fẹ́kọ́mi," ó kà á sókè.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Máa kà á lọ."

Ọmọ náà gbé ojú kúrò lára fóònù, ó ń wo ẹnu Màmá. Màmá mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù níbẹ̀. Ó bọ́ awò tuntun náà, ó ń fi etí ìró nù ún, kò sì gbójú sókè.

"Ka ìyókù, ọmọ mi," Susanna sọ.

"Fẹ́kọ́mi," ni ọmọ náà tún kà.